Dókítà ò bá Màámi sọ̀rọ̀, àwa ọmọ ló ń bá sọ ọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbígbẹ̀yìn (ọjọ́ Àìkú, alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Màámi ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹ̀lùbọ́ ni wọ́n ń tà ní Bódìjà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Lọ́dún tó kọjá wọ́n rí kókó lọ́mú, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n ń mu àgbo, wọ́n ń fi àdín ra á títí ó fi di egbò. Nígbà tá a gbé wọn dé ọsibítù, wọ́n gé díẹ̀ lára ẹran ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò, èsì sì jáde pé jẹjẹrẹ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ wọlé tọ dókítà. Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màámi o, ẹ̀rù á pa wọ́n kí àìsàn tó ṣe nǹkan kan." Dókítà gbà. Láti ìgbà náà, tá a bá dé kílíníkì, Màámi á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, àwa ọmọ la máa wọlé. Ohun tá a sọ fún wọn ni pé eéwo inú ni, pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà máa gbẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n dá wọn dúró sí wọ́ọ̀dù torí pé ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀. Ọ̀gá dókítà kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá láàárọ̀, bíi mẹ́jọ, wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì ká. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ṣí aṣọ wọn, wọ́n wò ó, wọ́n bò ó, wọ́n kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, Màámi ti kọjú sí ògiri. Wọ́n ní, "Wọ́n ní púọ̀ ni mí. Ṣé ẹ ò tíì sanwó ni?" Kò kọ́kọ́ yé mi. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé "poor prognosis" ni wọ́n gbọ́, ìyẹn pé àìsàn náà ò jọ èyí tó máa lọ bọ̀rọ̀, "poor" nìkan ló sì yé wọn níbẹ̀. Ìyá tó fi ẹ̀lùbọ́ rán ọmọ mẹ́rin níwèé, ó rò pé tálákà ni wọ́n pe òun lójú àwọn ọmọ kékeré.

Láti ọjọ́ náà wọn ò jẹun dáadáa, wọn ò sì bá wa sọ̀rọ̀. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ la máa padà sí kílíníkì. Ṣé ká sọ fún wọn? Ta ló máa sọ ọ́? Báwo lèèyàn ṣe ń bá dókítà sọ̀rọ̀ tí kò ní dà bíi pé ó wá jà?

Ìyá Ìbejì (ọjọ́ Àìkú, alẹ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọlọ́run á fọwọ́ ìwòsàn kan ìyá. Jẹjẹrẹ ọmú ló ṣe èmi náà. Ọdún kẹfà rèé tí mo parí ìtọ́jú, mo ṣì ń bá yín tàkùrọ̀sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àìsọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fojú mi rí. Nígbà kímò mi àkọ́kọ́ (kímò ni oògùn tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ), oògùn pupa kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi síríńjì tì síni lára díẹ̀díẹ̀, àfi bíi sóbò. Doxorubicin lorúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣe tirẹ̀ tán, ó ní kí n máa lọ, kí n padà wá ní ọjọ́ mọ́kànlélógún. Mo délé, mo tọ̀, mo rí pupa nínú póò. Igbe tí mo ké, àwọn ará ilé kejì gbọ́ ọ! Mo rò pé kíndìnrín mi ló ti já. Ìyá ọkọ mi ní ṣebí òun ti sọ ọ́, pé oògùn òyìnbó yìí ló máa pa mí. Bí mo ṣe jókòó sílé nìyẹn. Ọjọ́ mọ́kànlélógún pé, mi ò lọ. Òmíràn tún pé, mi ò lọ.

Ta ló wá là mí lóye? Obìnrin kan tó ń ta ọsàn lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, tí òun náà ti gba kímò rí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Oògùn náà ló pupa, àwọ̀ rẹ̀ lẹ̀ ń tọ̀ jáde. Ọjọ́ kan, ó pẹ́ tán, ọjọ́ méjì, á lọ." Gbólóhùn kan ṣoṣo! Ká ní ẹni tó tì í sí mi lára ló sọ ọ́, kì bá tí gbà á ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣòfò, kókó tó ti ń rọ̀ sì tún le padà.

Látìgbà náà, kí wọ́n tó fi ohunkóhun sí mi lára, màá bi wọ́n pé: Kí ló máa ṣe mí lálẹ́ òní? Kí ló máa ṣe mí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Èwo ni màá rí tí mo gbọ́dọ̀ sáré wá? Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé irun orí mi máa re, ó sì re, kò bà mí lẹ́rù. Ìtọ̀ tí wọn ò sọ ló fẹ́ pa mí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (ọjọ́ Ajé, àárọ̀)

Ẹ kú ìnira, Àbígbẹ̀yìn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù. Ìyá ọlọ́sàn tí Ìyá Ìbejì ń sọ yẹn, iṣẹ́ wa ló bá wa ṣe. Mi ò ní gbèjà wa.

Fún Ọjọ́rú, ẹ mú ìwé kékeré dání. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù, torí á dún, ọkàn yín á sì lọ. Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta péré, kẹ́ ẹ sì fi èyí tó ń jẹ yín lọ́kàn jù ṣáájú. Àwa Yorùbá, a máa ń kí, a máa ń yí ọ̀rọ̀ po, ìgbà tí dókítà bá ti di ilẹ̀kùn mú la tó máa ní, "Ó tiẹ̀ ku nǹkan kékeré kan, dókítà." Nǹkan kékeré yẹn ló sì gbé wa wá! Ẹ má tò wọlé ní márùn-ún o. Kí Màámi wọlé, kí ẹnì kan tẹ̀ lé wọn, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Tí dókítà bá sọ̀rọ̀ tán, ẹ sọ pé, "Dókítà, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kẹ́ ẹ bá mi wò ó bóyá mo gbọ́ ọ re." Kò sí ìjà níbẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá ti ṣì í gbọ́, òun fúnra rẹ̀ á tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ tó sì máa ń dàrú jù ni "positive". Obìnrin kan gbọ́ pé èsì òun jẹ́ "positive", ó rò pé éèdì ni, ọkọ ẹ̀ sì ti ń kó ẹrù ẹ̀ síta. Ohun tí èsì yẹn ń wí ni pé irú jẹjẹrẹ tirẹ̀ jẹ́ èyí tí ẹ́sítírójìn, họ́mónù ara obìnrin, ń bọ́, pé oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ lè ràn án lọ́wọ́. Ìròyìn tó dáa ni, wọ́n ń fi í sunkún.

Òfin wà o. Òfin ètò ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014, abala 23, ní kí wọ́n sọ bí ara aláìsàn ṣe rí fún un, irú ìtọ́jú tó wà, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀ àti iye owó rẹ̀. Ó ní níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tó yé e, kí wọ́n sì wo ibi tó kàwé dé. Ẹ mọ̀ ọ́n sínú, àmọ́ ẹ má fi ko dókítà lójú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Dókítà, Màámi ò gbọ́ òyìnbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn sọ Yorùbá" ti tó. Tí dókítà ò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ ní kí wọ́n bá yín pe nọ́ọ̀sì tó gbọ́ ọ.

Kí n tó lọ: ara gbígbóná lẹ́yìn kímò, tí tẹmọ́mítà bá ti kà á dé 38, ọsibítù ni. Ẹ má lo parasitamọ́ọ̀lù kẹ́ ẹ máa wò ó di àárọ̀.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì (ọjọ́ Ajé, ọ̀sán)

Mo ka gbogbo ẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn pé kẹ́ ẹ sọ fún ìyá. Abala 23 tí nọ́ọ̀sì tọ́ka sí yẹn, ẹ kà á parí. Ó fi àyè kan sílẹ̀: tí ẹ̀rí tó lágbára bá wà pé sísọ rẹ̀ ò ní ṣe aláìsàn lóore, wọ́n lè má sọ ọ́. Àwọn tó kọ ọ́ mọ ohun tí wọ́n rí.

Bàbá wa gbọ́ tiwọn lẹ́nu dókítà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Wọn ò fẹnu kan àmàlà mọ́ títí wọ́n fi lọ, oṣù kan ò sì pé. Gbólóhùn méjì ni dókítà yẹn sọ, orí ìdúró ló ti sọ ọ́, ó ń wo aago. Ẹyin lohùn. Ohun tó bá wúwo, ẹ jẹ́ kó dúró léjìká ẹ̀yin ọmọ.

Abọ́ṣẹ̀dé (ọjọ́ Ajé, alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ má bínú sí mi o. Àwa náà ò sọ fún ìyá wa.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin la fi ṣe é. A máa ń ya bébà ara ìgò oògùn dànù. A ní ọgbẹ́ inú ni. Lọ́jọ́ kan mo ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé, fèrèsé yàrá wọn sì wà ní ṣíṣí. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ọ̀rẹ́ wọn pé, "Jẹjẹrẹ ni, mo mọ̀. Àwọn ọmọ ò fẹ́ kí n mọ̀, èmi náà wá ń ṣe bí ẹni tí ò mọ̀, kí wọ́n má bàa sunkún." Àwo bọ́ lọ́wọ́ mi. Nínú ilé kan náà, ẹkún wa ò pàdé. Èmi ń sun tèmi nínú balùwẹ̀, àwọn ń sun tiwọn lábẹ́ aṣọ.

Mi ò sì wọlé lọ bá wọn. Mo ṣa àfọ́kù àwo, mo lọ. Ìyẹn ló ń dùn mí títí dòní ju ikú wọn lọ.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, alájọ wá, ó ní owó wọn wà lọ́wọ́ òun. Ìyẹn ṣe olóòótọ́. Obìnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó náà wá, ó ní wọ́n ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé òun, àmọ́ níbo ni ìwé ilẹ̀ wà? A tú gbogbo àpótí, a ò rí i. Wọn ì bá sọ ọ́ fún wa, ká ní a jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a mọ̀ pé wọ́n mọ̀.

Dókítà Kékeré (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àfẹ̀mọ́jú, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ òru)

Ẹ kú iṣẹ́. Ìtọ́jú jẹjẹrẹ ni mo ń kọ́ lọ́wọ́ báyìí. Ibi tí mo wà yàtọ̀ sí ibi tí Màámi Àbígbẹ̀yìn wà, torí náà mi ò dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni.

Tiwa ni pé kí aago mẹ́sàn-án tó lù, fáìlì ti ga dé àgbọ̀n wa lórí tábìlì. Iná lọ. Ẹni tó yẹ ká jọ pín in ti ja lọ sí Ìlú Ọba. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn, kò sì dá "poor" orí bẹ́ẹ̀dì yẹn láre. Ojú tì mí nígbà tí mo kà á, torí èmi náà ti wà lára àwọn mẹ́jọ tó yí bẹ́ẹ̀dì ká rí, mo sì ń kọ ohun tí ọ̀gá ń sọ sílẹ̀ láìwo ojú ẹni tó sùn.

Ìjà Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé àti Abọ́ṣẹ̀dé, àwọn òyìnbó náà ti jà á rí. Lọ́dún 1961, wọ́n bi àwọn dókítà kan ní Chicago léèrè. 90 nínú 100 wọn ló ní àwọn kì í fẹ́ sọ fún aláìsàn pé jẹjẹrẹ ni. Nígbà tí wọ́n tún béèrè irú ẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1979, ó ti di 97 nínú 100 tó ní àwọn máa ń fẹ́ sọ ọ́. Ẹni tó bá ní àṣà òyìnbó ni sísọ, kó mọ̀ pé àwọn náà ti fi pamọ́ fún aláìsàn wọn rí.

Ìlànà kan wà tí Baile, Buckman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde lọ́dún 2000, SPIKES ni wọ́n ń pè é, ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni. Mi ò ní ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún yín, ìkejì àti ìkẹta ló kàn wá níbí. Kí dókítà tó la ẹnu sọ èsì, kó kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí lẹ ti mọ̀ nípa àìsàn yìí?" Lẹ́yìn náà, "Báwo lẹ ṣe fẹ́ ká máa sọ ọ́ fún yín? Ṣé gbogbo ẹ̀ ni, àbí èyí tó pọn dandan nìkan, àbí ẹnì kan wà tẹ́ ẹ fẹ́ ká máa bá sọ ọ́?" Aláìsàn ló ń yàn. Ìyá tó bá ní ká sọ ọ́ fún àkọ́bí òun, pé òun ò fẹ́ gbọ́, a ò ní fipá rọ ọ́ sí wọn létí. Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, mo fi ọ̀wọ̀ béèrè o: ṣé ẹnikẹ́ni bi Bàbá kó tó já a lù wọ́n?

Lórí ọ̀rọ̀ pé a ò ráyè: ní Johns Hopkins lọ́dún 1999, wọ́n fi fídíò dókítà kan han àwọn obìnrin. Nínú ọ̀kan, dókítà fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40 sọ̀rọ̀ ìtùnú, pé òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le, pé òun á wà pẹ̀lú aláìsàn. Ọkàn àwọn tó wo ìyẹn balẹ̀ ju ti àwọn tó wo èyí tí kò ní in lọ. Ìṣẹ́jú àáyá 40, ta ni ò ní in?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ̀rọ̀ àgbo fún wa. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa máa ń jágbe, ìyẹn ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ fi pamọ́. Ẹ gbé ìgò rẹ̀ wá. Tí àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ bá dàrú tá ò sì mọ̀ pé àgbo wà níbẹ̀, kímò la máa di ẹ̀bi rù, a lè wá lọ dín oògùn tó ń ṣiṣẹ́ kù.

Bàbá Onímọ́tò (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sán)

Ẹ yà fún mi díẹ̀, ọkùnrin náà ń ṣàìsàn. Jẹjẹrẹ pọ́rọ́sítéètì ni tèmi, Abẹ́òkúta ni mo wà.

Dókítà mi kékeré, ọmọ mi obìnrin kejì jù ú lọ. Ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé nǹkan ọkùnrin yín ṣì ń ṣiṣẹ́?" Mo ní a dúpẹ́. Ó tún bi mí nígbà tí mo padà lọ, mo ní a dúpẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Irọ́ funfun. Ìyàwó mi ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo òrùlé.

Wọ́n ń fún mi ní abẹ́rẹ́ kan lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Wọn ò sọ fún mi pé ooru á máa mú mi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo bọ́ra sílẹ̀ lábẹ́ fáànù, òógùn ń dà lára mi bíi ti ẹni tó ń gúnyán fún àlejò ìyàwó. Ìyàwó mi wò mí, ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Bó ṣe ṣe mí nígbà tí nǹkan oṣù mi dúró nìyẹn." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àṣé òótọ́ ló sọ, abẹ́rẹ́ náà ń mú kí họ́mónù ọkùnrin lọ sílẹ̀ lára, ooru yẹn sì wà lára ohun tó máa ń tẹ̀ lé e.

Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo jókòó sínú mọ́tò mi, mo kọ gbogbo ẹ̀ sínú bébà: ti ìtọ̀, ti ooru, ti yàrá. Mo nà án sí ọmọbìnrin náà. Bébà kì í tijú. Ó kà á, kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun," ó sì dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó.

Ọmọ Èkó ní Peckham (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ láti Lọ́ńdọ̀n. Níbí, NHS, ètò ìlera ìjọba, ló ń wá ògbufọ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó, ọ̀fẹ́ sì ni. Nígbà tí màmá mi ń gba ìtọ́jú, mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ ṣe wàhálà, èmi á túmọ̀. Dókítà ní àrùn náà ti tàn dé ẹ̀dọ̀. Mo yíjú sí màmá mi, mo ní, "Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ yín náà ń fẹ́ ìtọ́jú díẹ̀." Mo gbé "tàn" mì. Odidi oṣù méjì ni wọ́n fi ń bi mí ìdí tí wọ́n fi pààrọ̀ oògùn wọn nítorí ẹ̀dọ̀ tó ń fẹ́ ìtọ́jú díẹ̀, irọ́ kan sì ń bí òmíràn.

Ẹ má fi ọmọ ṣe ògbufọ̀ tí ẹ̀dá mìíràn bá wà. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo gbà kí wọ́n pe ògbufọ̀ orí fóònù. Ọmọ Ìlọrin ni, Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀ ju tèmi lọ. Nígbà tó sọ ọ́ bó ṣe wà, màmá mi ní, "Ẹn-ẹ́n. Ó wá yé mi."

Ìkejì: ẹ gba àyè lọ́wọ́ dókítà, kẹ́ ẹ ká ohùn rẹ̀ sórí fóònù. Èèyàn kì í rántí ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ "jẹjẹrẹ". Ó sì wúlò fún ẹ̀gbọ́n tó wà ní Kánádà tó ń pàṣẹ lórí WhatsApp. Ẹ fi ránṣẹ́ sí i, kó fetí ara ẹ̀ gbọ́.

Àbígbẹ̀yìn (Ọjọ́bọ̀, àárọ̀)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. A ti lọ, a ti bọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo jókòó ti Màámi. Mo ní, "Màámi, tẹ́ ẹ bá fẹ́ bi dókítà ní nǹkan mẹ́ta, kí lẹ máa bi í?" Wọn ò dáhùn. Mo ti ń dìde nígbà tí wọ́n ní, "Mú bírò." Èkíní, kí lorúkọ àìsàn mi? Èkejì, ṣé mo lè padà sọ́jà kí Iléyá tó dé? Ẹ̀kẹta, ta ló ń jẹ́ púọ̀?

Àwa méjèèjì la wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi dúró síta, inú ń bí i. Mo ní, "Dókítà, Màámi fẹ́ fẹnu ara wọn béèrè, Yorùbá ni wọ́n gbọ́." Ó wò mí, ó wo fáìlì tó kù nílẹ̀. Ó wá gbé àga kúrò lẹ́yìn tábìlì, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó jókòó. Ó ní, "Ìyá, kí lẹ̀yin rò pé ó ń ṣe yín?"

Màámi ní, "Jẹjẹrẹ. Ó ti pa àbúrò ìyá mi rí, mo mọ òórùn rẹ̀."

Àṣé gbogbo eéwo inú tá a ń pè é yẹn! Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni, jẹjẹrẹ ni. Ó ní ṣé wọ́n fẹ́ kí òun sọ gbogbo ohun táwọn rí? Màámi gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí i. Iye oṣù, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún Ẹni tó dá mi. Tó bá di dandan, ẹ sọ ọ́ fún eléyìí." Wọ́n fọwọ́ kàn mí lórúnkún.

Lórí ọjà, ó ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn kímò, kí wọ́n jókòó sílé, torí ìgbà yẹn ni ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀. Tó bá ti gòkè padà, kí wọ́n lọ fún wákàtí díẹ̀, àmọ́ kí ẹlòmíì máa wọn ẹ̀lùbọ́, kí eruku rẹ̀ má máa fẹ́ sí wọn. Lórí púọ̀, kò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo ṣàlàyé. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Ọ̀rọ̀ owó kọ́. Bí àìsàn náà ṣe le ni wọ́n ń sọ, ó sì yẹ kí wọ́n bá yín sọ ọ́, kì í ṣe kí wọ́n sọ ọ́ lórí yín." Màámi ní kò burú. Nígbà tá à ń padà, wọ́n ní kí n dúró níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín.

Ó ku kan. Dókítà bi wọ́n nípa ìrora, wọ́n ní a dúpẹ́, bíi ti Bàbá Onímọ́tò gẹ́lẹ́. Lálẹ́ àná wọn ò sùn, wọ́n ń kérora. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ dààmú ọmọ ọlọ́mọ.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì (Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán)

Mo ka ohun tí Màámi sọ nípa iye oṣù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí bàbá wa náà ì bá sọ nìyẹn. Dókítà Kékeré, ìdáhùn ìbéèrè rẹ ni pé rárá, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n.

Dókítà Kékeré (Ọjọ́bọ̀, alẹ́)

Ẹ kú ẹ̀dùn, Ẹ̀gbọ́n.

Àbígbẹ̀yìn, ẹ sọ fún Màámi pé dídààmú wa gan-an ni ìtọ́jú. Ní ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York, wọ́n pín aláìsàn 766 tí jẹjẹrẹ wọn ti tàn ká sí apá méjì. Apá kan ń fi kọ̀ǹpútà sọ bí ara ṣe ń ṣe wọ́n déédéé, èébì, ìrora, àìlèsùn, nọ́ọ̀sì á sì rí i. Apá kejì ń gba ìtọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èsì lọ́dún 2017, ní ìwọ̀n àárín, àwọn àkọ́kọ́ gbé oṣù 31, àwọn kejì gbé oṣù 26. Kò sí oògùn tuntun kankan níbẹ̀ o. Wọ́n kàn ń tètè sọ ọ́ ni, ẹnì kan sì ń tètè gbọ́ ọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ọjọ́bọ̀, alẹ́)

"A dúpẹ́" yẹn ti da iṣẹ́ wa rú! Ẹ má bi Màámi pé ṣé ó ń dùn wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n fi iye sí i, odo ni kò dùn rárá, mẹ́wàá ni èyí tí wọn ò lè fara dà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ fi ìwé náà han dókítà. Tí wọ́n bá wá kọ mọ́fíìnì olómi, oògùn ìrora tó lágbára, fún wọn, ẹ má sá. Kì í ṣe oògùn ìdágbére. Ìbàdàn lẹ sì wà, UCH ní ẹ̀ka tó dá dúró fún ìrora àti ìtura aláìsàn. Ẹ ní kí dókítà yín kọ ìwé yín síbẹ̀. Àwọn tó ṣì ń gba kímò wà lára àwọn tó ń lọ.

Àbígbẹ̀yìn (ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà)

Mo ní kí n wá jábọ̀. Màámi ní òun ò mọ odo sí mẹ́wàá, kóńgò lòun mọ̀. Bá a ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ọjọ́bọ̀ alẹ́, kóńgò mẹ́jọ. Ẹtì àárọ̀, kóńgò méje, wọ́n ní ó kún gògòrò. Dókítà rẹ́rìn-ín nígbà tó kà á, àmọ́ ó yé e, ó sì kọ mọ́fíìnì. Láti ọjọ́ kẹta kò kọjá kóńgò méjì, wọ́n ń sùn. Wọ́n lọ sọ́jà lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì bá àwọn oníbàárà wọn jà.

Ìbéèrè mi báyìí ni pé wọ́n ti pààrọ̀ kímò wọn sí paclitaxel. Wọ́n ní ọmọ ìka àwọn ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Ṣé kí n kọ ọ́ sínú ìwé di Ọjọ́rú?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì pe kílíníkì lónìí. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ kí wọ́n tó tún fún wọn ní òmíràn. Ẹ kọ́kọ́ wò ó ná: ṣé wọ́n ṣì lè de bọ́tìnnì fúnra wọn?

Àbígbẹ̀yìn

Wọ́n ro ìró wọn dáadáa. Bọ́tìnnì ò ṣeé ṣe. Mo ti ń pè wọ́n báyìí.